Ọdún tí Ìyá Mi Fi Kẹ̀kẹ́ Gun Òkè Mápó

Ìyá mi ni obìnrin àkọ́kọ́ tí mo fojú ara mi rí tó fi kẹ̀kẹ́ gun Òkè Mápó láti ìsàlẹ̀ dé orí láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ Ìbàdàn lè máa wò mí pé kí ló wà nínú ìyẹn tí mo fi ń yan. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù kọjú sí Mápó láti Ọjà'ba rí, tí oòrùn ọ̀sán ń pa á látàrí, kò ní bi mí. Òkè yẹn kì í jẹ́ kí ènìyàn máa gùn ún kó tún máa tàkúrọ̀sọ. Tí ẹ bá dé ìdajì rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu, àyà á máa lù kì-kì-kì, àwọn ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ pàápàá á bọ́ sílẹ̀, wọn á máa ti kẹ̀kẹ́ wọn lọ bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sílé. Mo ti dàgbà báyìí, orúnkún mi sì ti ń bá mi ṣe awuyewuye, mọ́tò ni mo fi ń gun òkè náà. Síbẹ̀, nígbàkúùgbà tí a bá ti ń gùn ún, ṣe ni mo máa ń nàró lórí ìjókòó, bí ẹni pé ogún ìdílé wa ni òkè náà.

Ní agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, kí ilẹ̀ tó mọ́ pátá, ìpè ládàánì la ó kọ́kọ́ gbọ́ láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀ ìyá àgbà tó ń gbá ojúde, àti omi àlùwàlá tó ń dún láti ẹnu búútà àwọn àgbà. Ìró ọkọ̀ bàbá mi ló máa ń gbẹ̀yìn wọn. Bọ́ọ̀sì ni bàbá mi ń wà láti Mọ́lété. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná dáadáa kó tó jáde, gbogbo ògiri ilé á sì máa gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìró náà dákẹ́. Epo bẹntiróòlù wọ́n débi pé àwọn ènìyàn ń sùn sí ilé epo, ilẹ̀ á tún mọ́, wọn ò ní rí i rà. Bọ́ọ̀sì bàbá mi wá dúró sójúde láìlọ láìbọ̀, adìyẹ lọ yé sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Àwa ọmọdé á kó wọ inú rẹ̀, a ó máa pariwo, "Bẹẹrẹ! Bẹẹrẹ! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!" títí bàbá mi á fi jágbe mọ́ wa. Nígbà yẹn, mo rò pé ariwo wa ló ń bí i nínú. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún ni. Ọkùnrin tó ti mọ́ lára láti máa gbé odindi àdúgbò lọ síbi iṣẹ́, tó wá di ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ńṣì látàárọ̀ dalẹ́, tó ń tún àga tí kò bàjẹ́ ṣe, báwo lara rẹ̀ ṣe fẹ́ balẹ̀?

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyá mi. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Àrẹ̀mọ ló ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń pè é lọ sílé àwọn aboyún tí kò bá lè rìn dé ibẹ̀ mọ́. Láti ilé wa, ó ní láti gun Mápó, kó sọ̀ sí Bẹẹrẹ, kó tún wá dojú kọ òkè Àrẹ̀mọ. Nígbà tí mọ́tò wà, kò nira. Nígbà tí mọ́tò kò sí mọ́, ó di ẹsẹ̀. Á ti mu ògì rẹ̀ tán kí àwa tó jí, á kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì dúdú kan, á ní, "Sáfù, bá mi fọ abọ́, kí o sì pọnmi kún àmù kí o tó lọ sí iléèwé." Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pè é pé ìyàwó alágbẹ̀dẹ kan ń rọbí. Ó rìn, ó sáré, ó tún rìn. Nígbà tó máa fi dé, ọmọ ti wáyé, ìyá ọmọ sì ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ ló dà lára rẹ̀ tán. Ìyá mi padà wálé, kò bọ́ bàtà, kò fọwọ́ kan ẹ̀bà tí wọ́n gbé sílẹ̀ dè é. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ògiri ọ̀kánkán. Lára ògiri yẹn ni kẹ̀kẹ́ bàbá àgbà wà, kẹ̀kẹ́ dúdú gíga kan tí a ti ń sá aṣọ sí lára láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú.

"Ìyá," ó sọ fún ìyá àgbà, tí í ṣe ìyá tó bí bàbá mi, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní kẹ̀kẹ́ yẹn."

Ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ni, mà."

Bàbá mi dìde lórí bẹ́ńṣì. "Ìyá Sáfù, ṣé ara rẹ yá báyìí? Ìyàwó dẹ́rẹ́bà, lórí kẹ̀kẹ́? Kí làwọn ẹgbẹ́ mi ní gáréèjì á máa wí?"

"Bàbá Sáfù, ẹ má bínú sí mi. Ẹnu ọ̀nà ni obìnrin yẹn ń wò kó tó kú. Wọ́n ní ó ń bi wọ́n léèrè ṣáá pé ṣé nọ́ọ̀sì ti ń bọ̀."

Ìyá àgbà gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀, ó ní, "Rájí, jókòó." Orúkọ bàbá mi nìyẹn, òun nìkan ló sì kù láyé tó ń fi pè é. "Kẹ̀kẹ́ ọkọ mi ni, ọwọ́ mi ló fi í sí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó bá ní nǹkan láti sọ, ní kí wọ́n wá sọ ọ́ létí mi. Ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń gun òkè."

Bí ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kẹ̀kẹ́ nìyẹn, àgbà obìnrin tó ti di ọlọ́mọ. Ṣòkòtò bàbá mi kan tó ti gbó ló wọ̀ sábẹ́ ìró. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí èrò tó pọ̀ lọ́nà, á gbé kẹ̀kẹ́ jáde, gbogbo ọmọ agboolé á tẹ̀ lé e bí ẹni ń sin ìyàwó. Ó ṣubú sínú gọ́tà. Ó kọ lu àgùntàn ìyá àgbà, àgùntàn náà já okùn, ó di Ọjà'ba kí a tó rí i mú. Lọ́jọ́ kan, ó lọ forí sọ ìlẹ̀kùn lèmọ́mù àdúgbò. Lèmọ́mù yọjú, ó ní, "Ìyá Sáfù, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé kò sí?" Ìyá mi dá a lóhùn láti orí ilẹ̀ níbi tó nà sí, ó ní, "Kò sí, Alífà. Bíréèkì ni mò ń wá." A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyá àgbà á fi òrí àti àdí pa á lórúnkún, á máa sọ pé ẹni tí kò bá tíì ṣubú kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni mo pè é nígbà náà. Mo ti tọ́ ọmọ tèmi báyìí, mo sì ti fi ọ̀rọ̀ yẹn nu omijé nù lójú wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nígbà tó mọ̀ ọ́n gùn tán lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ku òkè. Lákọ̀ọ́kọ́, iwájú ìsọ̀ télọ̀ kan ní ìsàlẹ̀ ló ti bọ́ sílẹ̀, tó sì ti kẹ̀kẹ́ dé orí òkè. Nígbà tó yá, ó kọjá télọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Lẹ́yìn èyí, ó dé ibi tí ọ̀nà ti yí, ibi tó le jù lọ, ibẹ̀ sì ni òkè náà dá a dúró sí fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo agboolé ló wá ń bá a gun òkè. Tó bá wọlé nírọ̀lẹ́, kí wọ́n tó kí i kú iṣẹ́ tán, wọ́n á ti máa bi í pé, "Ibo lo bá a dé lónìí?" Á ní, "Ẹ̀yìn onígbàjámọ̀." Àwọn obìnrin tó ń gúnyán á dá ọmọ odó dúró, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Kẹ̀kẹ́ náà wúwo, kò ní jíà tí ènìyàn lè yí sí òkè bíi ti àwọn kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń gùn kọjá lójú títì lónìí. Ẹsẹ̀ àti èémí nìkan ló ní. Ó sọ fún mi nígbà tí mo di ìyàwó ilé pé, nígbà tí òun kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, orí òkè ni òun máa ń wò, ọkàn òun á sì já. Ìgbà tí òun gbójú kúrò lórí òkè, tí òun ń wo táyà iwájú nìkan, tí òun ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún pe Bísímílà, tí òun ń fi tòsì pe Bísímílà, ni ẹsẹ̀ òun tó gbọ́ràn.

Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ganíyù, ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò wa kan tó ní kẹ̀kẹ́ eré ìje fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí kò sí ẹni tó lè lé e bá ní gbogbo agbègbè Ọjà'ba, á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á ní, "Ẹ rọra o, Ìyá Nọ́ọ̀sì, kí òkè má lọ bímọ sí yín lọ́wọ́!" Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, tí èémí bá ṣẹ́ kù tó lè fi rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kì í rẹ́rìn-ín. Kò dárúkọ kẹ̀kẹ́ náà rí. Tí ìyá mi bá ń gbé e jáde, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń wá nǹkan. Ṣùgbọ́n mo jí ní kùtùkùtù ọjọ́ kan láti lọ pọnmi, mo bá a níbi tó lóṣòó ti kẹ̀kẹ́ náà, tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ kan òróró sí ṣéènì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń lé tìróò sójú ọmọ tuntun. Ó rí mi. Ó ní, "Kí lò ń wò? Lọ pọnmi rẹ." Mo gbé korobá mi, mo lọ.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ díje láti Ọjà'ba dé iwájú gbọ̀ngàn orí Mápó. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n torí pé kò sí mọ́tò lọ́nà lọ́dún yẹn, èrò tó wá wòran pọ̀ débi pé àwọn kan gun orí òrùlé. Fìlà aláràn-án kan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí létí ni ẹni tó bá gbawájú máa dé, àgbà àdúgbò kan ló sì máa ń dúró sórí òkè tí á dé e fún un. Bàbá mi mú mi dání lọ wòran. Mo wọ aṣọ ọdún mi, ẹran díndín wà lọ́wọ́ mi, òróró sì ń kán sí mi lára, n ò bìkítà. Ibi tí ọ̀nà ti yí la dúró sí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé lásìkò kan náà, ìyá àgbà ló ròyìn rẹ̀ fún wa lẹ́yìn náà. Ìyá mi ń dín ẹran lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin kan sáré wọlé láti Àrẹ̀mọ, tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ìyàwó rẹ̀ ti ń rọbí láti àná. Wọ́n ti gbé e dé ilé ìgbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì kékeré tó wà níbẹ̀ ló ní kí wọ́n sáré wá pe ìyá mi, pé ọmọ náà kọ̀, kò sọ̀ mọ́, ara ìyá rẹ̀ sì ti ń tutù. Ìyá mi nu ọwọ́ sára ìró, ó wọ ṣòkòtò, ó so báàgì dúdú mọ́ káríà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó ní kí ọkùnrin náà máa fẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá àgbà ní kò tilẹ̀ ráyè dágbére.

Ní tiwa, a gbọ́ fèrè láti ìsàlẹ̀, ariwo sì sọ. Ganíyù ló kọ́kọ́ yọ, ó dìde dúró lórí pẹ́dà, òógùn ti bò ó lójú. Àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, àwọn mìíràn ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́. Ìgbà náà ni a gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ kan láti ẹ̀yìn gbogbo wọn, tó ń dún láìdákẹ́. "Ẹ yà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà lọ́nà!" Mo mọ ohùn náà kí n tó rí ẹni tó ni ín. Ẹran bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ló ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ bàbá àgbà, ó jókòó gbọnin lórí rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti tú sí èjìká, ojú rẹ̀ kò kúrò lára táyà iwájú. Kò sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè ń bọ̀ wálẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba, bí ọmọ odó tó wà lọ́wọ́ obìnrin tó mọ iyán gún. Ó kọjá àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́. Ó kọjá àwọn tó ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ tí ẹnu wọn là sílẹ̀. Nígbà tó kan Ganíyù, ìyẹn wẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì?" Ó kọjá òun náà.

Ọkùnrin kan tó dúró tì wá pariwo pé, "Láà ìláà! Ta ló ni obìnrin yìí?"

Ọwọ́ bàbá mi le mọ́ tèmi débi pé ó ń dùn mí. Mo gbójú sókè wò ó. N kò rí ojú bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò sọ láti ìgbà tí kẹ̀kẹ́ yẹn ti kúrò lára ògiri ló dà wá sí ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Èmi ni mo ni ín!" ó kígbe. "Ìyàwó mi ni! Ìyá àwọn ọmọ mi ni!" Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, ó ká agbádá rẹ̀ sọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ó ń fi apá méjèèjì la èrò. "Ẹ yà fún nọ́ọ̀sì! Ẹ kúrò lọ́nà! Ìyá Sáfù, tẹ̀ ẹ́! Má wo òkè o! Tẹ̀ ẹ́!" Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín. Ó la ibi tí ọ̀nà ti yí kọjá, ibi tí kò là kọjá rí. Nígbà tó dé orí òkè, ariwo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ilẹ̀. Àgbà tó mú fìlà dání na fìlà sí i. Ìyá mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i, ó dorí kẹ̀kẹ́ kọ Bẹẹrẹ, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Agogo rẹ̀ nìkan la ṣì ń gbọ́.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ di orúnkún mú, ó ń mí bíi màlúù. Ganíyù dé. Wọ́n fẹ́ dé fìlà fún un, ó yẹrí kúrò. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà kúkú rí i. Èmi kọ́ ni mo gbawájú." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní obìnrin yẹn kò bá wọn díje. Ó ní, "Òkè kan náà la jọ gùn, ó sì gbé ẹrù."

Ní Àrẹ̀mọ, ìwọ́ ló so mọ́ ọmọ náà lọ́rùn. N kò mọ gbogbo ohun tí ìyá mi ṣe níbẹ̀, kò sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí bàbá ọmọ náà máa fi fẹsẹ̀ rìn dé, igbe ọmọ rẹ̀ ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ sì bi í pé kí ló fà á tó fi pẹ́. Ọmọbìnrin ni. Àìná sì ni orúkọ tó gbé wá láti ọ̀run, torí ìwọ́ tó so mọ́ ọn lọ́rùn.

Kí ìrun mọ̀gàríbì tó tó, ìyá mi ti ti kẹ̀kẹ́ wọ ojúde wa. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá ìloro. Ìyá àgbà bu omi fún un, àwọn obìnrin agboolé ń kì í, àwa ọmọ rọ̀ mọ́ ọn lára. Ìgbà tí a sọ fún un pé ó gbawájú nínú eré ìje ló tó rántí pé eré ìje ń lọ lójú ọ̀nà. Mo bi í pé, "Màámi, ṣé ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo ni?" Ó ní, "Ariwo wo? Ohùn bàbá yín ni mo gbọ́." Bàbá mi tó wà lórí bẹ́ńṣì wo ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni Ganíyù wọlé, òun àti fìlà aláràn-án náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ dárí gbogbo ẹnu tí mo ti ń ṣe jì mí. Ẹ̀yin lẹ ni fìlà yìí."

"Dìde, ọmọ mi," ìyá mi sọ fún un. "Ẹ̀yin ń sáré, èmi ń lọ síbi iṣẹ́. N ò bá yín díje. Kí lobìnrin sì fẹ́ fi fìlà ṣe?"

"N ò lè gbé e padà, mà. Gbogbo Ọjà'ba ló rí i."

Wọ́n ń fà á bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á nínú wọn, ni bàbá mi dìde, tó rìn lọ síwájú, tó gba fìlà náà lọ́wọ́ Ganíyù, tó sì gbé e sórí ara rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún. Ó tún un tẹ̀ sápá òsì. Ìyá àgbà wò ó títí, ó ní, "Rájí, ó mà yẹ ọ́." Ni gbogbo ojúde bá rọ́ sẹ́rìn-ín.

Fìlà náà ló dé lọ kírun Jímọ̀, òun náà ló dé lọ síbi ìsọmọlórúkọ Àìná ní Àrẹ̀mọ, níbi tí wọ́n fi ìyá mi jókòó sáàárín àwọn àgbà, tí wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Èmi wà lẹ́bàá rẹ̀. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ wá rí tẹjú mọ́ orí bàbá mi títí, ó ní, "Ọ̀gá, fìlà yín mà dáa o. Ibo lẹ ti rà á?"

Bàbá mi gbóhùn sókè kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà pàápàá lè gbọ́. "N kò rà á," ó ní. "Ìyàwó mi ló gun òkè gbà á fún mi."

Ìyá mi ń wo ojú ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe rọra nàró lórí ìjókòó.